Fọ́ọ̀mù Tí Kò Gba Oyè Ọ̀gá Àgbà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jókòó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà ní ìjókòó bí wọ́n bá ti ń dárúkọ òun. Kódà bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù, ó máa ń béèrè bóyá ẹni tó wà lódì kejì ti dìde. Nítorí náà, ẹ jókòó dáadáa, ẹ na ẹsẹ̀ yín, kí á jọ ṣe àfojúdi díẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama ni ọkùnrin náà, ilé-ìwé alájà mẹ́ta tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún. Kò ga. Àìga kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé tìmùtìmù méjì lé àga òun, ó sì pe káfíńtà kí ó wá fi ayùn gé ẹsẹ̀ àga àwọn àlejò ní ìka mẹ́rin-mẹ́rin, kí orí ẹnikẹ́ni má baà ga ju tirẹ̀ lọ nínú ọ́fíìsì yẹn. Agogo mẹ́ta ló wà lórí tábìlì rẹ̀. Ọ̀kan wà fún ìránṣẹ́, ọ̀kan wà fún akọ̀wé, ẹ̀kẹta kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí inú ọ̀gá bá ti dùn sí ara rẹ̀ ni ó máa ń lù ú. Lójúmọ́ kan, a máa lù ú tó ìgbà mẹ́wàá.

Yàrá kékeré tó wà níwájú ọ́fíìsì yìí ni Àǹtí Akọ̀wé ń jókòó sí, òun àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó máa ń kùn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ nígbà tí ó ń jẹun lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá tí ọ̀gá ń sọ, òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín kí á tó lọ jìnnà: òun gan-an ló dá wàhálà yìí sílẹ̀.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé ní sáà àkọ́kọ́, àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé náà na ilé-ìwé kan nínú bọ́ọ̀lù, méjì sí ọ̀kan. Àǹtí Akọ̀wé ní láti kọ lẹ́tà ìlà mẹ́ta nípa rẹ̀ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó sì fẹ́ tètè lọ. Ó mọ irú ẹni tí òun ń bá ṣiṣẹ́. Ló bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin síwájú lẹ́tà náà, bí ẹni fi ṣúgà sẹ́nu ọmọdé: "Nípa ìdarí ọ̀gá wa, àwọn ọmọ wa gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé."

Ọ̀gá kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ló bá lu agogo kẹta.

"Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Bó ṣe rí lọ́kàn mi ni, sà."

"Ọkàn ẹ mọ nǹkan! Máa lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ. Bá mi kí wọn. Má wulẹ̀ wá lọ́la."

Ọjọ́ kan péré ni Àǹtí Akọ̀wé fi sinmi. Nígbà tí ó máa fi padà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ti di òfin. Ọ̀gá dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé ní ìpéjọ òwúrọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gbá òfúrufú mọ́ra.

"Ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹ̀yin olùkọ́ tí mo jẹ́ olùkọ́ yín! Ẹ̀yin ògiri tí ẹ ń jẹ ìgbádùn ohùn mi lójoojúmọ́! Ṣé bọ́ọ̀lù yẹn ló dédé wọ inú àwọ̀n ni? Ta ló fọwọ́ sí i kí wọ́n ra bọ́ọ̀lù?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Ta ló ní kí wọ́n gé koríko pápá?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Atẹ́gùn tó fẹ́ lọ́jọ́ náà, inú ọgbà ta ló ti fẹ́?"

Àwọn ọmọ wo ara wọn. "Inú ọgbà yín ni, sà!"

Ó ní ó dáa. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ ohunkóhun nípa ilé-ìwé, ìbáà jẹ́ olùkọ́, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, "Nípa ìdarí ọ̀gá wa" ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé yóò kọ ọ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ yẹn ni àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Baba Ìdarí, ó sì rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Kò tán síbẹ̀. Ó ra ìwé pupa ńlá kan tó wúwo bí àpótí irin, ó pè é ní Ìwé Àṣeyọrí. Ó ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú àṣeyọrí kan wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí Àǹtí Akọ̀wé máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun gbogbo tí wọ́n bá fi orúkọ òun ṣáájú ni kí ó kọ, kò gbọdọ̀ fo ìlà kan. Ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì, òun yóò fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé.

Ẹ̀yin náà ti ṣe ọmọ ilé-ìwé rí, ẹ mọ̀ pé àṣeyọrí kì í so lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ata. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dáa, ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ojú àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ran. Kíláàsì kan mú un wá pé láti Ọjọ́ Ajé, kò sí ẹni tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Òmíràn ní ọmọ àwọn kan sín nígbà mọ́kànlá nígbà tí wọ́n ń ṣe àpèkọ, kò sì pàdánù ọ̀rọ̀ kan. Òmíràn mú ọmọkùnrin kan jáde tó ti wá bàtà rẹ̀ fún ọjọ́ méjì tó sì rí i, abẹ́ àga ara rẹ̀ ló ti rí i. Gbogbo wọn gba ìwé-ẹ̀rí olómi wúrà. Gbogbo wọn bá ọ̀gá ya àwòrán pẹ̀lú, níbi tí ọ̀gá ti máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀, tó jẹ́ pé etí kan àti ìgúnpá ni ẹ ó rí lára ọmọ. Ìyá kan gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ wá láti ilé, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ọmọ òun han òun níbẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí náà pọ̀ débi pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì nínú mẹ́rin táwọn ọmọ ń lò ni wọ́n kó bébà rẹ̀ sí, nítorí pé òjò kì í jò níbẹ̀. Ọ̀gá sì nílò pèpéle tí yóò máa dúró lé láti pín in. Ó ní kí káfíńtà tú gbogbo àga inú yàrá sáyẹ́ǹsì, kí ó fi pákó rẹ̀ kan pèpéle náà. Olùkọ́ físíìsì lọ bá a.

"Sà, ìdúró làwọn ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ń dúró."

"Ta ni wọ́n ń dúró fún?"

"Kò sẹ́ni, sà. A ò ní àga ni."

"Èmi ni wọ́n ń dúró fún. Ọ̀wọ̀ ni. Lọ sọ fún akọ̀wé kó kọ ọ́ sínú ìwé."

Olùkọ́ físíìsì wò ó, ó jáde, ó ríṣẹ́ síbòmíràn, ó sì lọ kí oṣù kìíní ọdún tó parí. Kò sí ẹni tó rọ́pò rẹ̀.

Ní sáà kejì, ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí bákan. Òfin ṣáà ni òfin, kò yọ ohun burúkú sílẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọ yàrá Àǹtí Akọ̀wé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Nípa ìdarí ọ̀gá wa, ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́." Ọmọ tó pẹ́ lẹ́yìn dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ní, "Nípa ìdarí ọ̀gá wa, mo sùn gbàgbé." Olùkọ́ kan wá jábọ̀ èsì ìdánwò, ó ní nípa ìdarí ọ̀gá wa, mọ́kàndínlógójì nínú ogójì ló fìdí rẹmi. Àǹtí Akọ̀wé a jẹ ètè rẹ̀ mọ́nu kí ẹ̀rín má baà bọ́, a sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un. Bí ó bá ń kà á fún ọ̀gá ní Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá kì í gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ. Á di ojú bí ẹni tí wọ́n ń bá họ ẹ̀yìn, á fọwọ́ sí i, á lu agogo kẹta.

Nínú gbogbo ariwo yìí, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì àṣekágbá tí kò ní ìwé-ẹ̀rí kankan. Ọmọ Télọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí ìyá rẹ̀ ló ń rán aṣọ ilé-ìwé fún ìdajì àwọn ọmọ náà. Ìṣirò ni tirẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò, bàbá arúgbó kan tó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, a máa kọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn nígbà ìsinmi. Àwọn méjèèjì a fi ṣọ́ọ̀kì kọ iṣẹ́ sójú àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn tó ń kọjá a sì máa gbẹ́sẹ̀ fò ó. Ọmọ yìí ti yege ìpele méjì nínú ìdíje ìṣirò gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn méjìlá péré ló kù. Ẹni mẹ́ta tó bá síwájú yóò lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá rí èyí, ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ tó ń dúró dè é, kò sì sí ẹni tó nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún òun.

Fọ́ọ̀mù ìpele àṣekágbá dé. Ọ̀gá àgbà, tàbí ẹni tó ń delé fún un bí ọ̀gá kò bá sí lórí oyè, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ padà dé ọ́fíìsì ìdíje kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kan tó lù. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló wà láàárín. Àǹtí Akọ̀wé gbé e wọlé tọ ọ̀gá lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

"Nípa ìdarí ọ̀gá wa, Ọmọ Télọ̀ ti wọ àṣekágbá ìdíje ìṣirò. Ẹ bá wa fọwọ́ sí i, sà."

Ọ̀gá di ojú, ó rẹ́rìn-ín, ó mú bírò. Ó wá wo ibi tí wọ́n kọ "Orúkọ àti oyè" sí. Àpótí kékeré kan ló wà níbẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ibi tẹ́ ẹ máa kọ orúkọ yín sí ni, sà."

"Ó dà bíi pé orúkọ èèrà ni wọ́n fẹ́ kọ síbẹ̀! Ṣé wọn ò mọ̀ mí ni? Ọ̀gá Àgbà, Olùkọ́ Àwọn Olùkọ́, Ìràwọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́, Òpómúléró Ìmọ̀, Alátùn-ún-ṣe Ọmọ Aláìgbọ́n, Aṣíwájú Tí Kì Í Wẹ̀yìn! Ibo ni wọ́n ní kí n kó wọn sí?"

"Tẹ́ ẹ bá kọ 'Ọ̀gá Àgbà' nìkan, sà, ó máa gbà á."

"Kí n wá kó àwọn yòókù dà síbo? Kí n wọ ṣòkòtò, kí n fi ẹ̀wù sílé? Kọ̀wé sí wọn. Ní kí wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù mìíràn, kí àpótí rẹ̀ tó ọ̀gá."

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Àǹtí Akọ̀wé kọ̀wé sí wọn lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí èsì tó dé, ìlà kan ṣoṣo: fọ́ọ̀mù kan náà ni gbogbo ilé-ìwé ń lò. Àǹtí Akọ̀wé wá tẹ gbogbo oyè náà ní lẹ́tà tó kéré jùlọ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní, ó fi hàn án lórí bébà mìíràn. Ọ̀gá wò ó sókè, ó wò ó sódò, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé.

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Ohun tí èmi tí mo ni ín ò lè rí, báwo lẹlòmíràn ṣe máa bẹ̀rù rẹ̀?"

Ó ní kí wọ́n lẹ bébà gígùn kan mọ́ àpótí náà, kí oyè òun lè sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún. Àǹtí Akọ̀wé fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù: wọn kò ní í gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá lẹ ohunkóhun mọ́. Ọ̀gá ní ó dáa, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà náà, òun kò lè tìtorí ọmọ kan sọ ara òun di kúkúrú. Àwọn oyè yẹn, ẹ jọ̀ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ jẹ wọ́n.

Ní gbogbo ìgbà ìsinmi ni Ọmọ Télọ̀ máa ń yọjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ káàsán, ma. Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?"

"Wọn ò tíì fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Lọ ka ìwé ẹ."

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ọmọ náà kò béèrè mọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo Àǹtí Akọ̀wé, ó wo ilẹ̀kùn ọ̀gá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó yí padà. Ojú ti Àǹtí Akọ̀wé débi pé kò lè tẹ ohunkóhun mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó mọ̀ pé òun ni òun kọ́kọ́ fi adùn orúkọ ọkùnrin yẹn sí i lẹ́nu. Nítorí kí òun lè tètè kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ Ẹtì tí gbèdéke fọ́ọ̀mù máa pé yìí ni ọ̀gá náà ti ń fojú sọ́nà fún, àmọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ ránṣẹ́ fún oyè Ọ̀gá Àgbà Tó Tayọ Lọ́dún, ojú ewé mọ́kànlá, àwọn alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ sì ń bọ̀ wá fi ojú ara wọn rí i. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi dá iṣẹ́ dúró tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ bi wọ́n léèrè aago, nípa ìdarí ọ̀gá wa ni. Ẹ tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, bákan náà ni.

Àwọn alábẹ̀wò mẹ́ta dé ní aago kan ọ̀sán. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ṣáájú wọn, ó mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Ọ̀gá ní kí ó jókòó. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ yẹn, orúnkún rẹ̀ ga dé àgbọ̀n. Ó wo orúnkún rẹ̀, ó wo tìmùtìmù ọ̀gá, ó dìde.

"Ẹ jẹ́ ká rìn yíká, sà."

Ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà bi ọmọbìnrin kan léèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Nípa ìdarí ọ̀gá wa, ma, bébà ló wà nínú méjì. Nípa ìdarí ọ̀gá wa, a máa ń tò sórí ìlà."

Ọ̀gá ti di ojú. "Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn geerege!"

Alábẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé kékeré. Wọ́n dé yàrá sáyẹ́ǹsì. Ogójì ọmọ ló wà ní ìdúró.

"Àga yín dà?"

"Nípa ìdarí ọ̀gá wa, ma, ó ti di pèpéle," ni ọmọkùnrin kan wí.

"Olùkọ́ físíìsì yín ńkọ́?"

"Nípa ìdarí ọ̀gá wa, ó ti lọ láti oṣù kìíní."

"Ta ló wá ń kọ́ yín?"

"Nípa ìdarí ọ̀gá wa, kò sẹ́ni, ma."

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ìgbà yẹn ni etí ọ̀gá wá ṣí. Òógùn bò ó. Ó sáré dúró síwájú àwọn ọmọ náà.

"Ẹ fi iwájú ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀! Ẹ máa sọ̀rọ̀ lásán!"

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Àwọn tó ti kọ ọ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, tó ti tún un kọ, ni wọ́n. Ọmọbìnrin kékeré kan bú sẹ́kún.

"Nípa ìdarí ọ̀gá wa, sà, a ò lè fi í sílẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn alábẹ̀wò yí ojú sí ògiri, ẹ̀rín ń mì í léjìká. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò tíì rò pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ṣì ní Ìwé Àṣeyọrí. Ó kó gbogbo wọn lọ sí gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ti ń dúró, ó ní kí Àǹtí Akọ̀wé gun pèpéle.

"Kà á sí wọn létí! Láti ìbẹ̀rẹ̀! Má fo ìlà kan!"

Àǹtí Akọ̀wé ṣí ìwé náà. Ó lè ka ti bọ́ọ̀lù, kó pa á dé. Ó wo aago ògiri, aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni. Ó wo Ọmọ Télọ̀ tó wà ní ìlà kẹta, tó ń wo ilẹ̀. Ló bá kà á, kò fo ìlà kan. Ó ka bọ́ọ̀lù, ó ka bàtà abẹ́ àga, ó ka ẹ̀rọ omi, ó ka mọ́kàndínlógójì nínú ogójì. Ó ka bí òrùlé kíláàsì kan ṣe jò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nípa ìdarí ọ̀gá wa, àti bí àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógún ṣe fi ilé-ìwé sílẹ̀ nípa ìdarí rẹ̀ bákan náà. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń kùn. Nígbà tó yá, ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn, ó gba gbogbo gbọ̀ngàn kan.

"Ta ló fọwọ́ sí àwọn ojú ewé yìí?" ni alábẹ̀wò béèrè.

"Kì í ṣe ọwọ́ mi!" ni ọ̀gá ké.

Alábẹ̀wò gba ìwé náà, ó wò ó. Oyè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ rẹrẹ láti etí dé etí.

Àǹtí Akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ fọ́ọ̀mù náà láti inú fáìlì rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè.

"Ma, fọ́ọ̀mù ìdíje ìṣirò ọmọ wa kan nìyí. Aago mẹ́rin òní ni gbèdéke rẹ̀. Wọn ò tíì fọwọ́ sí i."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní oyè àwọn ò gba inú àpótí rẹ̀."

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà wo àpótí, ó wo aago, aago mẹ́ta ti lù. Ó na bírò tirẹ̀ sí ọ̀gá.

"Ẹ fọwọ́ sí i, sà."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ nìyẹn, ó ṣí gbayawu bí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo bá a bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn mi, èmi tí n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó gba bírò. Ó tẹ̀ síwájú. Ó wo àpótí náà, ó wo gbogbo èrò tó ń wò ó, ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

"Ma, ẹ̀yin náà ẹ wo àpótí yìí. Ṣé ó yẹ mí?"

Alábẹ̀wò gba bírò rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún igbákejì yín, sà. Àṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Láti ìsinsìnyí, àwọn ló ń delé. Kẹ́ ẹ wá rí wa lọ́jọ́ Ajé."

Báyìí ni ọwọ́ pálábá ọ̀gá ṣe ségi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tí yóò sọ pé "Ẹ̀yin ni, sà." Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń kọ́ni ní ìtàn, gba bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀ àti "Adelé" sínú àpótí náà, àyè sì tún ṣẹ́ kù.

Mọ́tò àwọn alábẹ̀wò ló gbé Àǹtí Akọ̀wé àti Ọmọ Télọ̀. Wọ́n há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ níbì kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ sáré èyí tó kù. Bàtà Àǹtí Akọ̀wé já, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì ìdíje ti ń ti fèrèsé nígbà tí wọ́n já wọlé. Ó wo obìnrin tí kò wọ bàtà lẹ́sẹ̀ kan yìí, ó wo ọmọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ṣí fèrèsé padà, ó lu òǹtẹ̀ lé fọ́ọ̀mù. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ní ti ọ̀gá wa, ẹ má bẹ̀rù, ebi kò pa á. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá kan ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, pé kó máa tọ́jú fáìlì àtijọ́. Àwọn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àga gbogbo wọn sì ga dọ́gba. Ní àràárọ̀, wọ́n ní láti fọwọ́ sí rẹ́jísítà tí àyè rẹ̀ kò ju ìka kan lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oyè rẹ̀ dé orí àyè ẹni márùn-ún. Wọ́n ní kó wá pa á rẹ́, kó tún un kọ. Mo gbọ́ pé lẹ́tà méjì ló ń kọ báyìí.

Ọmọ Télọ̀ lọ sí ìdíje náà. Ipò kẹta ló gbà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ níbi tó ti ń rán kọ́là, ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka, kò sì mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kan aṣọ oníbàárà.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, adelé ní kí Ọmọ Télọ̀ wá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dúró níwájú wọn, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú. Kò sí ẹni tó ti sọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ fún un. Olùkọ́ ìṣirò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi ìka nu ojú. Gbogbo ilé-ìwé ń dúró.

"Bàbá ìṣirò kọ́ mi," ni Ọmọ Télọ̀ wí. "Ìyá mi ń jí mi láràárọ̀. Àǹtí Akọ̀wé sáré fún mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe é."

Àwọn ọmọ kò pàtẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Láti sáà àkọ́kọ́ ni wọn kò ti gbọ́ kí ọmọ kan nínú wọn dúró níbẹ̀ kó sọ pé "èmi". Àǹtí Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn ni ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.